Ẹ sọ ti yín: ọjọ́ tí ẹ bá onígìtá mìíràn ta blues lójú agbo

Onígìtá Mọ̀kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ èyí, ìtìjú ni kò jẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà n'Íbàdàn ni mo ti kọ́ gìtá. Lẹ́yìn náà, mo bá ẹgbẹ́ jùjú kan kiri òde àríyá fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tí mo fi máa dé Chicago, mo ti gbà pé kò sí ohun tí wọ́n ń pè ní blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tó lè ká mi lọ́wọ́ kò. Ṣebí kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni? Ẹ ka ìlù mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́ẹ̀méjìlá, ìyẹn báà méjìlá, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀, ó parí.

Ilé ọtí kan wà lápá gúúsù ìlú yẹn tí wọ́n ti máa ń ṣe jam lálẹ́. Wàá kọ orúkọ rẹ sínú ìwé lẹ́nu ọ̀nà. Onílù àti oníbéèsì ilé ti wà lórí ìtàgé. Tó bá kàn ọ́, wọ́n á pè ọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tí ẹ ò mọ ara yín rí. Ìdánrawò kankan ò sí. Bàbá tó fẹ́ kọrin kàn bojú wẹ̀yìn, ó ní ohùn A ni ká mú un sí, shuffle ni, ìyẹn ìlù tó ń tiro, ká wọlé láti ìkarùn-ún. Ó bá ka ení, èjì.

Mo wọlé láti A. Àwọn tó kù wà lórí E, kọ́ọ̀dù ìkarùn-ún sí A. Ohun tó ti ẹnu sípíkà jáde, bí ẹni da ṣíbí sínú gárawá. Èmi ò mọ̀ pé báà mẹ́rin ìkẹyìn ni bàbá ń wí, pé ibẹ̀ ni gbogbo wa ti máa gbéra kí a tó jọ balẹ̀ síbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin.

Ìyẹn ṣì kéré. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, èmi náà ò dákẹ́. Ó kọ ìlà kan, mo ta. Ó kọ ìkejì, mo ṣì ń ta. Bàbá àgbà kan wà lọ́wọ́ òsì mi, gìtá pupa ló gbé kọ́rùn. Okùn méjì péré ló ń tẹ̀ látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́-kẹ́, kẹ́-kẹ́, bí ẹni ń gé ilá. Láàárín kọ́ọ̀dù kan sí èkejì, ó nawọ́ sí gìtá tèmi, ó yí bọ́tìnnì fọ́líúmù rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Kò wojú mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti padà sórí gìtá tiẹ̀ kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Báà méjìlá kọjá. Ó tún nawọ́, ó yí i sókè, ó fi àgbọ̀n júwe pé ó kàn mí. Ẹ wá wò ó: gbogbo wọn ló fà sẹ́yìn! Onílù ń fi ọ̀pá kan ṣoṣo lù ú, bàbá gìtá pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́. Ẹnikẹ́ni ò bá mi du àyè yẹn. Jìnnìjìnnì bò mí, jùjú ló sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Oníbéèsì bú sẹ́rìn-ín, ó ń mi orí.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, bàbá olórin ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun rí orin òun kọ.

Ọmọ Ìlá

Mo rẹ́rìn-ín títí! Èmi ò ta gìtá, ìran ni mo wò. Oṣù kẹfà ọdún 2010, pápá bọ́ọ̀lù kan ní Bridgeview, lẹ́bàá Chicago, ni Eric Clapton, onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn onígìtá jọ sí fún Crossroads, àjọ̀dún gìtá rẹ̀. 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní Dallas. Owó ibẹ̀ ń lọ sí ilé ìtọ́jú tó dá sílẹ̀ ní Antigua fún àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún. Òun náà ti bá ọtí wọ̀yá ìjà rí.

B.B. King, àgbà onígìtá blues, jókòó sórí àga, ẹni ọdún 84. Clapton, Robert Cray àti Jimmie Vaughan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ lílé àti ègbè, ẹ ó gbádùn bàbá yìí. Nígbà ayé rẹ̀, tó bá ń kọrin, kì í ta gìtá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé òun ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Á kọ ìlà kan, á pa ẹnu dé, Lucille, gìtá rẹ̀, á wá gbè é. Nóòtì kan, á gbọ̀n ọ́n, á fi í sílẹ̀. Àwọn tó kù ń wojú bàbá kí wọ́n tó fọwọ́ kan okùn.

Orúkọ Lucille yẹn ní ìtàn o. Ní 1949, ní Twist, ìpínlẹ̀ Arkansas, ọkùnrin méjì ń jà nílé ijó tó ti ń ṣeré, wọ́n da kẹrosíìnì tó ń jó nù, ilé gbiná. Ó ti sá jáde, ó tún sá wọlé lọ gbé gìtá rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá gbọ́ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucille ni wọ́n ń jà lé lórí.

Aya Awakọ̀

Ọkọ mi ló wọ́ mi lọ sí Buddy Guy's Legends ní South Wabash, ilé tí Buddy Guy, onígìtá blues, ṣí ní Chicago ní 1989. Oṣù kìíní ni òun fúnra rẹ̀ fi máa ń ṣeré níbẹ̀, òtútù ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ń ta gìtá lọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì wa kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ìtàgé ń gbè é. Lójijì ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àwọn náà rẹ tiwọn sílẹ̀, débi pé yìnyín inú ife mi ni mò ń gbọ́. Èmi tí mi ò fẹ́ràn ariwo gìtá, jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin ni mo gbé ife yẹn kalẹ̀.

Ẹlẹ́gbẹ́ Jùjú

Onígìtá Mọ̀kọ́lá, má parọ́ mọ́ jùjú. Wo ẹgbẹ́ King Sunny Adé láyé 1980: gìtá lóríṣiríṣi, pedal steel, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, ti Demola Adepoju tún wà ńbẹ̀, ẹnì kan ò sì gun ẹnì kan lẹ́yìn. Bó o bá ta gìtá lé ọ̀gá lẹ́nu lóde àríyá, ṣé wàá rí owó gbà? Ṣọ́ọ̀ṣì ló bà ẹ́ jẹ́!

Onígìtá Mọ̀kọ́lá

Ó dáa, ṣọ́ọ̀ṣì ni, mo gbà. Mo kúkú padà lọ. Bàbá gìtá pupa ti wà lórí ìtàgé. Kí wọ́n tó ka ení, mo ti fọwọ́ ara mi yí bọ́tìnnì yẹn wálẹ̀. Ó wò mí, ó nawọ́, ó yí i sókè díẹ̀.