Kí ni mo lè fi dá àpérò ìdókòwò tó dáa mọ̀ kí n tó sanwó?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àpérò ìdókòwò kan ṣoṣo ni agbára mi ká lọ́dún yìí.

Mo ti lọ sí méjì rí. Ní àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ̀rọ̀ ló jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ wọn ló sanwó kí wọ́n lè gun orí pèpéle. Ọjà ni wọ́n ń polówó látàárọ̀ dalẹ́. Ìkejì sàn díẹ̀, àmọ́ wọn ò fàyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ lọ nìyẹn.

Irú èyí tí mò ń wá wà. Ní oṣù karùn-ún 2008, David Einhorn, olùdókòwò ará Amẹ́ríkà kan, dìde níbi àpérò ìdókòwò Ira Sohn ní New York, ó tọ́ka sí ohun tó kọ ọ́ lóminú nínú ìṣirò owó Lehman Brothers, báńkì ìdókòwò ńlá kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ó ti fowó lé e pé ìpín wọn á já wálẹ̀, kò sì fi bò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Lehman wọko gbèsè. Èèyàn lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílé, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, mo ti ka ètò àpérò mẹ́ta láti òkè délẹ̀. Mo ní kí àwọn olùṣètò fi fídíò ti ọdún tó kọjá ránṣẹ́, fọ́tò nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ dáadáa, kí lẹ máa ń wò nínú ètò náà tẹ́ ẹ fi ń mọ ẹni tó sanwó láti sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n pè nítorí ìmọ̀ rẹ̀?