Ẹ̀dà Sons and Lovers wo ni kí n tẹ̀ lé fún prójẹ́ẹ̀tì lórí D. H. Lawrence?

Ọmọ_Adó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá ni mo ń kọ lọ́wọ́ ní Adó-Èkìtì níbí, iṣẹ́ D. H. Lawrence, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, sì ni mo mú. Ẹ̀dà méjì ìwé ìtàn rẹ̀, Sons and Lovers, ló wà lọ́wọ́ mi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti fa ọ̀kan, ìwé títẹ̀ ni èkejì. Àwọn méjèèjì ò bára mu. Ọ̀rọ̀ William, àkọ́bí ìdílé Morel inú ìtàn náà, pọ̀ nínú ìwé títẹ̀ dé ibi pé àwọn ìran kan wà níbẹ̀ tí n ò rí rárá nínú ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Mo tún fẹ́ mọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkùnrin yìí àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé ìṣekúṣe inú ìwé rẹ̀ ni. Ṣé òun nìkan ni? Paríparí rẹ̀, alábòójútó iṣẹ́ mi kọ ọ́ sí etí ìwé pé n kò gbọdọ̀ sọ pé Lawrence ni Paul Morel, àbúrò William nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ìtàn àwọn méjèèjì jọra gan-an. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?

Olùkọ́_Ìkẹ́rẹ́:

Àbúrò, yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí ná kí o tó kọ orí kejì, torí orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé rẹ máa dúró lé.

Ní oṣù Keje 1912, ilé ìtẹ̀wé Heinemann kọ ìwé náà, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Edward Garnett, tó ń bá ilé ìtẹ̀wé Duckworth yẹ ìwé wò, ló gbà á, àmọ́ ó ní ó gùn jù. Ó gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ kúrò, ní nǹkan bí ọgọ́rin ibi, kí Duckworth tó gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún 1913. Ìtálì ni Lawrence wà nígbà náà, owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ fi ìwé náà yẹ́ Garnett sí.

Gígé yìí ni gbogbo ayé ń kà títí di 1992, nígbà tí Helen Baron àti Carl Baron padà sídìí ìwé àfọwọ́kọ, tí ilé ìtẹ̀wé Cambridge sì tẹ odindi rẹ̀. Ti 1913 ló wà lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé ọ̀fẹ́. Láti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, ṣí ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, níbi tí wọ́n ń kọ ọdún àti ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí ìwé. Bí o bá rí Cambridge àti orúkọ Baron níbẹ̀, odindi ni. Bí o kò bá rí wọn, gbà pé gígé ni, bó ti wù kí èèpo rẹ̀ dán tó.

Ọ̀rọ̀ William ló pọ̀ jù nínú ohun tí Garnett gé. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìyàwó Morel kọ́kọ́ gbọ́kàn lé William. Ìgbà tí William kú ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá da gbogbo ìfẹ́ náà lé Paul lórí. Nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àsọtúnsọ yẹn sì ni àkọlé ìwé náà ń tọ́ka sí. Bí ọ̀rọ̀ William bá ti dín kù, á dà bíi pé ọmọ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kàn. Garnett jẹ́ kí ìwé náà yára, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi gbà pé ó mi ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Odindi ni kí o fi ṣiṣẹ́. Níbi tí o bá ti fa ọ̀rọ̀ yọ, kọ nọ́ńbà orí mọ́ nọ́ńbà ojú ewé, torí ojú ewé ẹ̀dà kan kì í bá ti òmíràn mu. Orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwé náà. Ní ti òfin, Lawrence kú ní 1930, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé sì ni òfin Nàìjíríà fi ń dáàbò bo ìwé, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni ti 1913. Iṣẹ́ Baron kò sí lára ọ̀fẹ́ yẹn, má lọ ṣe fọ́tòkọ́pì odindi rẹ̀.

Ọmọ_Ìjerò:

Ìbéèrè kejì ni mo bá wá. Ìbálòpọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ fi ojú sí ọjọ́. The Rainbow, ìwé ìtàn Lawrence mìíràn, jáde ní 30 oṣù Kẹsàn-án 1915, ogun àgbáyé kìíní ti lé ní ọdún kan. Frieda ìyàwó Lawrence, ọmọ Jámánì ni, láti ìdílé von Richthofen. Nínú ìwé náà, Ursula, ọmọbìnrin tí ìtàn dá lé lórí, sọ fún Skrebensky, olólùfẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ sójà, lójú kòrókòró pé kò jọ ẹnì kankan lójú òun. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń kú ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ wá fi orí kejìlá kún un, tó dá lórí ìfẹ́ Ursula àti olùkọ́ rẹ̀ obìnrin, Winifred Inger.

Ní 13 oṣù Kọkànlá ọdún náà, adájọ́ John Dickinson ní kóòtù Bow Street pàṣẹ pé kí wọ́n run ìwé náà. Ẹ̀dà 1,011 ló bá a lọ. Ohun tó yẹ kí o yé òǹkàwé rẹ ni bí òfin 1857 tí wọ́n lò ṣe ń ṣiṣẹ́: ìwé ló ń dá lẹ́jọ́, ẹni tí wọ́n bá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni kóòtù sì ń pè. Methuen tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n pè. Methuen ò jà rárá, Lawrence kò sì ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọ̀pọ̀ prójẹ́ẹ̀tì máa ń fò ó.

Ìpalára rẹ̀ pẹ́. Women in Love, ìwé ìtàn tó tẹ̀ lé e, ò rí atẹ̀wé, àfi ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìdákọ́ńkọ́ ní New York ní 1920. Ní oṣù Kẹwàá 1917, wọ́n lé tọkọtaya náà kúrò ní Cornwall, wọ́n fura sí wọn pé amí ni wọ́n. Ní 1919 ó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀: Ìtálì, Australia, New Mexico, Mexico. Kò padà débẹ̀ ju àbẹ̀wò lọ.

Má ṣe kọ ọ́ pé kóòtù fòfin de Lady Chatterley's Lover, ìwé ìtàn Lawrence tó kẹ́yìn, ní 1928. Kò sí ẹjọ́ kankan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà. Florence ní Ìtálì ni Lawrence àti Giuseppe Orioli, òǹtàwé kan níbẹ̀, ti tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, 1,000 ẹ̀dà tí Lawrence buwọ́ lù, pọ́ùn méjì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà ìtẹ̀wé tí wọ́n ní ò tó ju ìdajì ìwé lọ, nítorí náà wọ́n to ìdajì àkọ́kọ́, wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n tú lẹ́tà náà, wọ́n wá to ìdajì tó kù. Kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọlọ́pàá ló ń gba ẹ̀dà tó bá wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

1960 ni ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, láti 20 oṣù Kẹwàá dé 2 oṣù Kọkànlá, ilé ìtẹ̀wé Penguin ni wọ́n sì pè, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Òfin tuntun ti 1959 ló yí nǹkan padà: ó gba kí àwọn tó mọ̀wé wá jẹ́rìí pé ìwé náà wúlò fún aráyé. Ẹlẹ́rìí márùndínlógójì ló jáde, òǹkọ̀wé E. M. Forster wà lára wọn. Agbẹjọ́rò ìjọba, Mervyn Griffith-Jones, bi àwọn júrì bóyá ìwé tí wọ́n á fẹ́ kí ìyàwó wọn tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn kà ni. Penguin jàre. Sílè mẹ́ta àti sísì ni wọ́n ń tà á, 200,000 ẹ̀dà sì lọ lọ́jọ́ kìíní.

Àgbà_Ọ̀yẹ́:

Alábòójútó rẹ ò ṣì sọ, ọmọ mi. Ìgbésí ayé Lawrence wúlò, ṣùgbọ́n ibi tí ìwé ti yà kúrò nínú ayé ni kí o máa wá.

Wọ́n bí i ní Eastwood ní 11 oṣù Kẹsàn-án 1885. Bàbá rẹ̀ ń wa èédú ní Brinsley. Ernest ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1901, ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Kejìlá 1910. Gbogbo ìyẹn wọnú ìwé. Wá wo ohun tí kò wọ̀ ọ́. Lawrence kàwé olùkọ́ ní Nottingham, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní Croydon láti 1908 dé 1911. Paul ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ayàwòrán ni. Oṣù díẹ̀ ni Lawrence lò níbi iṣẹ́ akọ̀wé kí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó dá a dúró. Paul pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ yẹn. Jessie Chambers, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tó fi ya Miriam, ọmọbìnrin tí Paul ń fẹ́ nínú ìwé, ló kó ewì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn English Review ní 1909, tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Miriam inú ìwé ò ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún Paul. Nígbà tó di 1935, Jessie tẹ ìwé tirẹ̀ jáde, ó fi E. T. buwọ́ lù ú, ó fi hàn pé àwòrán yẹn kò tọ̀nà. Garnett gé ìwé, Lawrence alára náà gé nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Orí kan pé nínú ìyẹn.

Má sì kọ ọ́ pé ọtí nìkan ló ba ilé Morel jẹ́. Ka orí kẹjọ. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Barker àti Wesson, tí wọ́n jọ ń wa èédú, ń wá sílé Morel, wọ́n ń pín owó èédú tí wọ́n jọ wà, ìyàwó ò sì gbọdọ̀ mọ iye tó kan ọkọ rẹ̀ gan-an. Ohun tó bá wu ọkọ ló ń yọ fún un. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí ará Èkìtì á tètè rí. Ẹ̀ka èdè Eastwood ni Morel ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ni ìyàwó rẹ̀ ń sọ. Ẹni tó ń sọ «ulé» àti «usu» nílé, tó ń kọ «ilé» àti «iṣu» ní kíláàsì, mọ ohun tó wà nínú ìyẹn. Mú bírò pupa, fàlà sí gbogbo ibi tí ẹnì kan bá ti yí ohùn padà. Mellors, olùṣọ́ igbó nínú Lady Chatterley, ń fi ẹ̀ka èdè náà fa Connie, Lady Chatterley fúnra rẹ̀, mọ́ra. Òun kan náà ló fi ń lé Hilda, ẹ̀gbọ́n Connie, sẹ́yìn.

Lórí àwọn alárìíwísí, ka F. R. Leavis (1955) tó gbé e ga, kí o ka Kate Millett (1970) tó bá a wí lórí ojú tó fi ń wo obìnrin. Má gbèjà gbogbo nǹkan. Lójú tèmi, Millett jàre níbi púpọ̀ nínú The Plumed Serpent, ìwé ìtàn Lawrence lórí Mexico.

Ọmọ_Adó:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ Baron wà nínú ìwé títẹ̀ náà. Lady Chatterley ni mo fẹ́ fi ṣe ìwé kejì. Ṣé òun náà ní ẹ̀dà tó yàtọ̀?

Olùkọ́_Ìkẹ́rẹ́:

Ó ní, ó tilẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà mẹ́ta ni Lawrence kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láàárín 1926 àti 1928. Wọ́n tẹ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, ìkejì ní 1972. Ìkẹta ni ti Florence, òun ni Penguin ṣẹjọ́ lé lórí, orí mọ́kàndínlógún ló ní. Ẹ̀dà 1932 ti ilé ìtẹ̀wé Secker wà pẹ̀lú, gbogbo ibi tó sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ní gbangba ni wọ́n yọ, má fi ọwọ́ kàn án. Èyí tí Michael Squires ṣe fún Cambridge ní 1993 ni kí o wá. Bí ìwé bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ tí èèpo rẹ̀ ti ya, wo orúkọ olùṣọ́ igbó: Parkin ló ń jẹ́ nínú méjì àkọ́kọ́, Mellors nínú ìkẹta.