Wọ́n ní wọ́n ti jí i gbé, àṣé orin tuntun ló fẹ́ gbé jáde

Oní-POS, Kabba:
Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tí wọ́n bá ti fi ọgbọ́n ìpolówó mú ní ọ̀bọ rí, kó wá rojọ́ tirẹ̀ níbí. Tèmi rèé.

Ọmọkùnrin kan ń kọrin ládùúgbò wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí oníbàárà mi ni ìyá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ń ka owó kí n lè ti ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò kan wọlé sórí WhatsApp. Mọ́tò ọmọ náà ni, létí títì Obajana, ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà ṣí sílẹ̀ gbayawu, bàtà pupa ẹsẹ̀ kan sì dojú dé lórí ọ̀dà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ gbàdúrà fún un." Ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba ọ̀nà yẹn mọ̀ pé a kì í fi irú ẹ̀ ṣeré. Ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi láìwọ bàtà. Ó ní, "Ọmọ mi, èló ló wà lọ́wọ́ ẹ? Ṣé wọ́n á gbà á díẹ̀díẹ̀?" Ẹnikẹ́ni ò tíì pè é béèrè kọ́bọ̀ o! Mo da gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà mọ́jú, àwọn ọdẹ sì ti gbé tọ́ọ̀ṣì.

Aago méje àárọ̀ ni fọ́tò kejì dé. Ọmọ náà jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé bàtà pupa kejì dání. Orin ń jáde lọ́jọ́ Ẹtì, agbo ń bẹ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ẹ wá rà mí padà", iye owó ìwọlé sì wà nísàlẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó ka owó mi padà fún mi, ó ní kí n má bínú, igba náírà ti dín níbẹ̀, òun fi wọ ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lóru ni.

Bàbá Ìbejì, Mọ̀pà:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, baba kan máa ń gbé àpótí onígi wá sí gáréèjì. Ejò olórí méjì ló wà níbẹ̀, ó fẹ́ jáde kí wa. Á fi igi kan àpótí náà, kó, kó, kó, á gbétí sí i, á ní, "Ó ní ọmọdé pọ̀ jù níbí." Títí tí á fi ta ọṣẹ làpálàpá àti oògùn aràn tán, ejò ò yọjú. Lọ́jọ́ kan òjò lé e wọ abẹ́ búkà, àpótí já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣòkòtò méjì àti ààbọ̀ búrẹ́dì la rí.

Mo ti dàgbà kí n tó kà nípa P. T. Barnum, ará Amẹ́ríkà. Ní 1842, ó ní òun ní mámíwọ́tà, ó pín àwòrán obìnrin arẹwà ìdajì ẹja káàkiri New York. Nígbà tí èrò sanwó wọlé, òkè ọ̀bọ gbígbẹ tí wọ́n rán mọ́ ìrù ẹja ni wọ́n bá. Tirẹ̀ tiẹ̀ ní nǹkan nínú àpótí!

Ọmọ Ìsánlú:
Ẹ̀yin àgbà, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni jìbìtì o. Ní oṣù Kárùn-ún 2023 tí Hilda Baci dáná l'Ékòó, tí Guinness wá kọ wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 sílẹ̀ fún un, àǹtí mi tó ń ta iyán níbí ní òun náà á gún iyán láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ní gbangba, láìfi ọmọ odó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kò tíì tó aago méjì ọ̀sán tí àtẹ́lẹwọ́ fi bó, àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á gún. Àwa tá a wá wòran rẹ́rìn-ín, a sì jẹun. Iṣu tán nílé rẹ̀. Ó ní Guinness ò mọ ilé òun, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n wàyí.

Ẹ̀gbọ́n oní-POS, ẹ ò sọ fún wa, ṣé agbo yẹn kún?

Oní-POS, Kabba:
Ó kún. Ìyá rẹ̀ ò lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n dá dẹ́rẹ́bà kan dúró lójú ọ̀nà yẹn kan náà, wọ́n wọ́ ọ wọ igbó. Fọ́tò mọ́tò rẹ̀ dé orí WhatsApp àdúgbò wa lálẹ́. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni, "Ọjọ́ wo ni orin ń jáde?" Èmi náà kà á. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sùn.