Ìparí ọ̀rọ̀ ògiri wa tó bu

Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo figbe ta pé ògiri yàrá àwọn ọmọ bu lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà, tí àbíkẹ́yìn mi sì ń wúkọ́ lóru. Ó ti yanjú.

Ọ̀dà kọ́ ni ìṣòro wa. Káfíńtà gun òrùlé, ó bá ihò ìṣó kan lára páànù tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹrà. Ibẹ̀ ni omi ń gbà yọ́ wá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí a wọ́ ọ kúrò, ẹ̀yìn rẹ̀ hu nǹkan eléérú bí irun ológbò, ó ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. A dí ihò, a ha ògiri dé ibi tó le, a fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 kí a tó kùn ún.

Ẹni tó ní kí n po blíìṣì mọ́ fínígà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láé: èéfín rẹ̀ léwu gan-an fún ẹ̀dọ̀fóró.

Òjò ńlá 2 ti rọ̀ lẹ́yìn náà. Mo fọwọ́ kan ògiri láàárọ̀ yìí, ó gbẹ táútáú. Ọmọ ń sùn dáadáa.