"Arọ̀gò" kọ́ ni orúkọ ẹni tó ń ṣe ìgò

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé kékeré lórí bí a ṣe ń dá ilé iṣẹ́ tó ṣe ìgò àtijọ́ mọ̀ fi ọ̀rọ̀ tuntun kan ránṣẹ́ lánàá: "arọ̀gò", ìyẹn ẹni tó ń ṣe ìgò. Wọ́n ní inú rọ làwọn ti fà á yọ, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ ọkọ́. Wọ́n tún rán wa létí pé ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè gba rọ yìí.

Òòlù àti owú ni wọ́n fi ń rọ irin. Ta ló ń gbé òòlù lé ìgò? Ẹni tó ń ṣe ìgò láyé àtijọ́ á ki ọ̀pá irin oníhò bọ ìléru, á fi wa dígí tó ti yọ́ bí oyin, á wá fẹnu sí òkè ọ̀pá náà, á fọn ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú bíi ti afọnfèrè. Fọn ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá iṣẹ́ náà mu, nítorí náà: afọ̀ngò. Ẹ má sọ pé kí n yọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí fọ̀n inú afọ̀ngò kúrò, kó lè dà bíi ti afọnfèrè. Fèrè kò ní fáwẹ́lì níwájú, ìgò ní in. Mọ ìkòkò ló di amọ̀kòkò: a pa ì jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ, ó sùn mọ́ mọ lára. (Àwọn kan sọ pé amọ̀ ilẹ̀ ló wà nínú amọ̀kòkò, ẹ jẹ́ ká fi ìjà yẹn sí ọjọ́ mìíràn. Mi ò gbà.)

Rọ mìíràn tún wà tí ẹ̀gbọ́n gbàgbé. Ìyá mi àgbà ń ta epo. Ìgò ṣináàpù onígun mẹ́rin ló fi ń wọn epo, àrọ á wà lẹ́nu rẹ̀, á ní, "Wá rọ epo yìí fún mi." Bí wọ́n bá dárúkọ arọ̀gò létí rẹ̀, ẹni tó ń rọ nǹkan sínú ìgò ló máa gbọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ ẹ̀gbọ́n ti wọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé orúkọ tó yọ lára ìgò ni "orúkọ arọ̀gò". Lára ìgò ìyá mi àgbà, AVH ló wà léjìká: A. van Hoboken, oníṣòwò àti ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Rotterdam. Olóhun tó wà nínú ìgò nìyẹn. Kò sí orúkọ ẹni tó fọn ún níbẹ̀. Ìgò mìíràn wà tó jẹ́ pé afọ̀ngò ló kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i: Henry Ricketts ní Bristol, tó gba ìwé àṣẹ irin ìmọgò rẹ̀ (irin tí wọ́n ń fọn ìgò sínú rẹ̀ kó lè gba ìrísí) ní 1821, kọ tirẹ̀ yí ìdí ìgò ká. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé Hoboken àti Ricketts pọ̀.

Orúkọ pàápàá ń tàn wá. Thomas Dyott ní Philadelphia, tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, pe ilé iṣẹ́ ìgò rẹ̀ ní Dyottville. Ó wọ gbèsè, ó ṣẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlòmíràn gba ibẹ̀, síbẹ̀ Dyottville ni wọ́n ń kọ sára ìgò. Ti Pitkin ní Connecticut, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1783, tiẹ̀ di orúkọ gbogbo ìgò pẹlẹbẹ oníla tóóró-tóóró, ibi yòówù kí wọ́n ti fọn ún, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Ọmọ.

Ní ti orúkọ tí a ó fún àpá ìdí ìgò, ìdodo ni mo fara mọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò wa tó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Wọ́n máa ń lẹ ọ̀pá irin kan mọ́ ìdí ìgò kí wọ́n lè tún ọrùn rẹ̀ ṣe, wọ́n á wá ṣẹ́ ẹ kúrò. Ọ̀pá yẹn ni ìwọ́, àpá tó kù ni ìdodo. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó máa ń gún ni. Ìgò tí ẹ̀rọ Michael Owens ṣe láti 1903 kò ní in. Àpá òrùka ló wà ní ìdí tiwọn, ó sì sábà máa ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹni tó kọ̀wé pé Yorùbá ò mọ iṣẹ́ dígí rí, kó lọ sí Igbó Olókun ní Ifẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ níbẹ̀, pẹ̀lú àwókù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí. Ṣùgbọ́n fífà ni wọ́n fa dígí ìlẹ̀kẹ̀ náà, wọn kò fọn ún, nítorí náà a kò lè yá ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ fún ìgò.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi ìwé náà fún atẹ̀wé, ojú ewé tó sọ̀rọ̀ Hoboken ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ yọ arọ̀gò kúrò.