Àná, àna àti àfẹ́rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ń kọ ìtàn ìfẹ́ kan, ìtàn ẹ̀rín ni: ọmọbìnrin kan lọ síbi ìgbéyàwó ní Bódìjà, ó ṣàdéédé bá ọkùnrin tí wọ́n ti jọ fẹ́ra rí pàdé, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti pínyà. Àwo àmàlà wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ewédú sì ń kán sí i lára aṣọ funfun. Ibẹ̀ dáa. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ojú ewé tí kò ti ní láti pe ọkùnrin yìí ní nǹkan kan, ohun tí yóò pè é ni kò mọ̀. Mo bi yín pé ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ sì ti dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n wí tèmi.

Èyí tí ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí ni "olólùfẹ́ àná". Èmi náà fọwọ́ sí i fún ọjọ́ méjì gbáko, àfìgbà tí màmá wa mú ìwé náà. Kọ̀ǹpútà àbúrò mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, nítorí náà "ololufe ana re" lohun tó wà níbẹ̀. Màmá kà á sókè, wọ́n dákẹ́, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Olólùfẹ́ àna rẹ̀? Ta ló ń bá àna ẹ̀ fẹ́ra? Irú ìwé wo lẹ̀ ń kọ nínú ilé yìí?"

Àmì òkè kan ṣoṣo ló ya àná sọ́tọ̀ sí àna. Bí ẹ bá yọ ọ́, ìtàn ẹ̀rín di ọ̀ràn ẹbí. Ẹ sì mọ̀ bí àmì ti ṣọ̀wọ́n tó lára ìwé tí à ń rà ní Dùgbẹ̀, ká má tiì sọ ti àtẹ̀jíṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn olóṣèlú ti gba àná lọ: gómìnà àná, alága àná. "Tẹ́lẹ̀rí" náà ò sàn jù ú lọ. Bí mo bá gbọ́ "olólùfẹ́ tẹ́lẹ̀rí", ó ń ṣe mí bíi pé ìròyìn ló ń lọ lórí rédíò, pé wọ́n ti ní kó wá ṣírò owó tó ná.

Ẹ̀gbọ́n kan mú "ọkọ àárọ̀" wá. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì dùn létí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ni "aya èwe" tó wà nínú ìwé Málákì, nínú Bíbélì Yorùbá tí odidi rẹ̀ jáde lọ́dún 1884. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, àwọn méjì yìí ò ṣègbéyàwó rárá. Wọn ò tọrọ, wọn ò dána. Pabanbarì rẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ẹni kẹta ni. Ṣé ọkọ ọ̀sán la ó wá pè é ni?

"Àlè" kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dábàá rẹ̀. Ẹni tó ti ní ọkọ nílé ló ń yan àlè. Ẹ lọ sọ ọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ létí ní Òjé, kí ẹ wá padà wá jíṣẹ́.

"Àfẹ́kọ̀" ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó gún régé, ó sì jọ àfẹ́sọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ tẹnu wọn. Ta ló kọ ta? Ohun tí àwọn méjèèjì fi gbogbo orí kejì jà lé lórí gan-an nìyẹn. Ó tún ń rùn kóòtù kọkọ-kọkọ sí mi.

Èyí tí èmi mú wá ni "àfẹ́rí". Ẹni tí a ti fẹ́ rí. Rí tó wà níbẹ̀ ni rí inú "mi ò jẹ ẹ́ rí". Ṣùgbọ́n etí tún ń gbọ́ rí kejì, ti ojú: ẹni tí a fẹ́ rí. Ìyẹn ló bí ṣàfẹ́rí tí gbogbo wa ń sọ. Bí màmá wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé bá pè mí lórí fóònù, "mò ń sàfẹ́rí ẹ" ni wọ́n máa ń wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ pé ó ti kọjá, tó tún jẹ́wọ́ pé ọkàn ṣì ń wò ó. Kí ni ìtàn àbúrò mi dá lé bí kì í bá ṣe ìyẹn?

Ẹnìkan ti sáré sọ fún mi pé ó fara jọ àfẹ́ẹ̀rí jù, oògùn tí wọ́n fi ń di àwátì. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin inú ìwé náà ní òun ń lọ ra káàdì fóònù ní Agbówó, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọn ò fojú kàn án. Bí kì í bá ṣe àfẹ́ẹ̀rí ló lò, kí ló lò?

Ẹ̀fẹ̀ wà lára ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ tuntun dúró. Àpótí Rediffusion, rédíò tí wọ́n ń so mọ́ ògiri nígbà náà, "asọ̀rọ̀mágbèsì" làwọn èèyàn ń pè é, torí ó ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́ èsì. Àwọn àgbà ṣì ń fi í ṣàwàdà. Lọ́dún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ níbí ní Ìbàdàn, àmọ́ amóhùnmáwòrán kò kúrò lẹ́nu àwọn tó ń ka ìròyìn. Nílé wa, "ẹ tan tẹlifíṣọ̀n" la ń wí.

Mo mọ̀ pé ẹ́kìsì ("ex" ti Gẹ̀ẹ́sì) lọ̀dọ́ ń sọ, bí ẹni gé Ẹ́kísódù sí méjì. Kí ọmọbìnrin inú ìtàn náà máa sọ ọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kò burú. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni kó máa lo àfẹ́rí.

Lálẹ́ àná (àmì wà lórí ẹ̀ o) àbúrò mi tún pè. Ó ní wọ́n ti parí ìjà ní orí ogún, wọ́n ti lọ mọ ẹbí ara wọn, ṣé "àtúnfẹ́" ni yóò máa pè é báyìí. Mo ní kó pè é lọ́kọ, kó jẹ́ ká sùn.