Loon tí òjé pa lójú mi

Màmá kan ládùúgbò wa níbí ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ló mú mi wọ iṣẹ́ kíka ẹyẹ loon, ẹyẹ adágún omi tó máa ń rì sómi pẹja jẹ. Láti 1994 ni wọ́n ti ń kà á lórí adágún omi tó lé ní 600, àwa aráàlú ló sì ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́: láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹfà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, a ó wakọ̀ yí adágún wa ká, a ó kọ iye àgbà àti iye ọmọ sílẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, tọkọtaya loon kan pa ẹyin wọn nítòsí wa, ọmọ méjì jáde. Ọmọ loon a máa gun ẹ̀yìn bàbá tàbí ìyá rẹ̀, á ki ara bọ abẹ́ ìyẹ́, orí nìkan lẹ máa rí. Mi ò lè wò wọ́n tó.

Àfi bá a ṣe rí ọ̀kan nínú àwọn àgbà lórí ilẹ̀ létí omi. Àyà mi já. Ẹ̀yìn pátápátá ni ẹsẹ̀ loon wà, kò ṣeé rìn dáadáa. Bí kò bá ti sí ti ẹyin, kì í gòkè. Orí ẹyẹ yìí ń gbọ̀n, ìyẹ́ rẹ̀ wọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ pupa fòò, a sún mọ́ ọn, kò sá. Màmá pe ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko igbó, wọ́n ní ká fi tówẹ̀lì bò ó lórí ká gbé e wá. X-ray fi hàn pé òjé kan tí kò tó hóró ẹ̀wà wà nínú iwe rẹ̀, láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Òjé tí apẹja ń so mọ́ okùn ìwọ̀. Ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú ọmọ méjèèjì, ọ̀kan ló yè.

Loon a máa gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè lọ ẹja. Bó bá ṣa òjé mọ́ ọn, tàbí tó jẹ ẹja tí ìwọ̀ já sí lẹ́nu, iwe á máa lọ òjé náà, májèlé á wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti pa á.

Ní New Hampshire, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, Loon Preservation Committee, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo loon, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1975. Òkú ẹyẹ tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún ló jẹ́ kó hàn pé òjé ìwọ̀ ló ń pa àgbà loon jù níbẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ ọdún gbọọrọ yẹn, ta ni ì bá gbà wọ́n gbọ́? Láti 2016, òfin ibẹ̀ ò gbà kí wọ́n ta òjé kéékèèké yìí tàbí kí wọ́n lò ó. Èmi fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pẹja lókè òkun, ẹ yẹ àpótí ìwọ̀ yín wò. Èyí tí wọ́n fi tungsten (irin wúwo kan) tàbí irin lásán ṣe dípò òjé wà lọ́jà. Wọ́n lè wọ́n jù ú lọ lóòótọ́. Ẹ má da òjé tẹ́ ẹ bá yọ sómi tàbí sílẹ̀, ẹ kó o lọ síbi tí káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀) yín ti ń gba ìdọ̀tí olóró.